Wo omi rẹ kó o tó ra búrọ́ọ̀ṣì

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ fífọ gíláàsì ilé alájà mẹ́ta kan ní Bódìjà, o sì fẹ́ ra búrọ́ọ̀ṣì àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun, irú èyí tí omi ń gba inú ọ̀pá gígùn jáde sí ìdí irun rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ onírun náílọ̀nù, èkejì jẹ́ onírun ẹlẹ́dẹ̀, owó èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. O ní èwo ló máa pẹ́ jù, ṣé owó tí wọ́n ń pè é sì tọ́? Àwọn tó dá ọ lóhùn ṣáájú mi ń pariwo pé ọjà tó bá wọ́n ló dára. Owó ta ni wọ́n ń ná? Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ ná.

Ilé kan wà ní agbègbè Ring Road tí gbogbo iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì dúdú. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ nígbà náà. Omi kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n ní ká máa lò. Tí o bá sì ti ń fi ọ̀pá fọ gíláàsì, o kì í nù ún. Wàá kàn fi omi ṣàn án, á gbẹ fúnra rẹ̀. Tá a bá ṣe tán, ilé á máa dán. Kí oòrùn tó ràn tán báyìí, àmì funfun wínníwínní á ti bo gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń mójú tó ilé náà pè mí. Ó ti mú ọ̀mọ̀ràn kan wá, ọkùnrin tó wọ kóòtù nínú ooru oṣù kejì, tí ọwọ́ rẹ̀ ò jọ ọwọ́ ẹni tó di kànìnkànìn mú rí. Ó wo gíláàsì, ó wo búrọ́ọ̀ṣì mi, ó ní náílọ̀nù ló ń fa gbogbo ẹ̀. Mo ní, "Sà, omi yín ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ṣé omi tí gbogbo ilé ń lò yìí? Wọ́n bá dá owó mi dúró, pé àfi tí mo bá ra onírun ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yìn nínú ìwé ìpolówó kan tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ra á. Òkè òkun ló ti wá, ó sì gba èbúté kọjá. Ẹnì kan níbẹ̀ ní búrọ́ọ̀ṣì ni, kí n san owó búrọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíì ní rárá, họ́ọ̀sì wà lára ẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ kẹ̀! Nínú ìsọ̀rí ọjà tí àwọn aṣọ́bodè ń lò káàkiri ayé, abẹ́ nọ́ńbà 9603 ni ìgbálẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì àti wáípà gíláàsì wà. Wọ́n ní kí n mú ìwé wá, mo mú un wá. Wọ́n ní ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú ti lọ jẹun. Ọ̀gá yẹn jẹun títí ọ̀sẹ̀ fi parí, owó ibi tí wọ́n kó ẹrù sí sì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Bí o bá máa ra nǹkan láti òkè òkun, rí i pé ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kọ nọ́ńbà yẹn sára ìwé ẹrù kó tó gbéra.

Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì dé, a lò ó. Àmì funfun kan náà ló jáde, ó tiẹ̀ pọ̀ sí i lójú tèmi, torí irun ẹlẹ́dẹ̀ máa ń mu omi sára, kì í tètè kán tán. Ọ̀mọ̀ràn ní kí n lọ ra èyí tó tún wọ́n jù ú lọ.

Ibẹ̀ ni sùúrù mi ti tán. Mo lọ bá àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò, mo ra omi bátìrì lọ́wọ́ wọn. Lójú ọ̀gá ilé, mo fi ògbólógbòó búrọ́ọ̀ṣì náílọ̀nù mi àti omi bátìrì fọ gíláàsì kan. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun olówó gọbọi àti omi kànga wọn fọ èyí tó tẹ̀ lé e. A dúró kí méjèèjì gbẹ. Ti omi bátìrì mọ́ kedere. Ìkejì rí bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun. Ọ̀mọ̀ràn wá rántí pé òun ní ìpàdé ní Dùgbẹ̀. Owó mi jáde, ṣùgbọ́n ta ló dá owó búrọ́ọ̀ṣì padà fún mi?

(Omi bátìrì ni mo wí o, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò, kì í ṣe ásíìdì bátìrì. Ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni wọ́n ti ń ta méjèèjì, ike wọn sì lè jọra. Ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, tí wọn ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, má rà á.)

Omi inú ilẹ̀ máa ń yọ́ èròjà inú àpáta mọ́ra, bíi kálísíọ́ọ̀mù àti magnésíọ́ọ̀mù. Omi á gbẹ lọ, àwọn yẹn á jókòó sójú gíláàsì. Mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní TDS mítà; tí o bá tì í bọnú omi, á sọ bí èròjà inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Fún iṣẹ́ ọ̀pá, òdo là ń wá, tí kò bá ti ju 10 lọ, gíláàsì rẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ní àmì. Àwọn tó lówó ń lo àsẹ́ tó ní résínì nínú, ìyẹn àwọn hóró kéékèèké tó ń fa èròjà kúrò nínú omi. Bí èròjà inú omi bá ṣe pọ̀ tó ni résínì ṣe máa ń tètè kú, wàá tún ra òmíràn. Èmi ò lọ síbẹ̀. Omi òjò ni mò ń gbè: jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ eruku orí páànù lọ, kó o tó gbé táǹkì sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o máa da "pure water" inú ọ̀rá sínú ọ̀pá. Orúkọ lásán nìyẹn, omi mímu ni, èròjà ṣì wà nínú ẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì lo béèrè ṣá. Náílọ̀nù ló ń pẹ́. Irun ẹlẹ́dẹ̀ rọ̀, ó sì ń mú ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì kúrò dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń ha lára sìmẹ́ǹtì tàbí irin tó ti dípẹtà, kíá ló ń jẹ tán. Nílùú wa níbí, fèrèsé wo ni kò ní irin bọ́gúlárì? Ohun tí àwọn tó ń polówó nǹkan yìí lórí fídíò ò mọ̀ nìyẹn, gíláàsì tiwọn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ilé àtijọ́ ní Bódìjà tó ní lúfà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti bọ́gúlárì pa pọ̀, orí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀pá ò lè wọ ibẹ̀ rárá. Àkísà, omi ọṣẹ àti ọwọ́ ni.

Ohun mìíràn: Ìbàdàn la wà. Bí Alhaji bá ni ilé, tó wá gbọ́ pé irun ẹlẹ́dẹ̀ lo fi ń fọ fèrèsé òun, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, mi ò sì ní bá ọ bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un ṣáájú, tàbí kó o kúkú lo náílọ̀nù.

Eruku ló ń pa búrọ́ọ̀ṣì níbí. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa á dì mọ́ gíláàsì. Bí o bá gbé búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ lé e, iyanrìn á wọ ìdí irun, á sì máa ha gbogbo gíláàsì tó o bá fọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ilé tuntun ló burú jù, torí sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà tó ta sí i lára. Ya fọ́tò gbogbo àpá tó o bá bá lójú gíláàsì, kí onílé buwọ́ lùwé kó o tó fi omi kàn án, torí wọ́n á ní ìwọ ni. Ìtọ́jú búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ò ní wàhálà: fọ̀ ọ́, gbọ̀n ọ́n, so ó kọ́ síbòòji. O ti mọ ìyẹn.

Ní ti owó, lókè òkun, orí búrọ́ọ̀ṣì nìkan, láìsí ọ̀pá, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 40 sí 150 dọ́là. Mú ti 50 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí ìjọba ń ṣírò dọ́là kan ní nǹkan bí ₦460, ₦23,000 ni lórí ìwé. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, nínú ọdún 2024, dọ́là kan kọjá ₦1,500. Búrọ́ọ̀ṣì kan náà ti di ₦75,000 kó tó wọ ọkọ̀. Irun rẹ̀ ò gùn sí i. Ra èyí tí orí rẹ̀ ṣeé tú, kó o lè máa pààrọ̀ orí nìkan, sì wo ojú ibi tí wọ́n ti ń yí i mọ́ ọ̀pá, nítorí ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù kì í sábà bára mu.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tó lè pa èèyàn. Ọ̀pá carbon fibre, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ṣe, fúyẹ́, ó wuni, ṣùgbọ́n iná ń gbà á kọjá, bó ṣe ń gba àlùmíníọ̀mù kọjá. Wáyà iná àdúgbò wa, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yàrá àwọn tó ń gbé lókè. Wo òkè kó o tó na ọ̀pá. Ti fiberglass, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì ṣe, wúwo díẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n tí omi bá ti ń ṣàn lára rẹ̀, òun náà ò ṣeé fọkàn tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà.

Gíláàsì ìsàlẹ̀ ńkọ́? Wáípà rọ́bà ni. Ìyẹn ò tiẹ̀ bìkítà fún omi kànga, torí ó ń nu omi kúrò kó tó gbẹ. Ẹni tó bá ń pè é ní ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun kó lè bu owó lé e, sọ fún un pé ọmọ Ítálì kan tó ń fọ fèrèsé ní Oakland ní Amẹ́ríkà, Ettore Steccone, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1936, kò sì yí padà púpọ̀ látìgbà náà. Rọ́bà inú ẹ̀ nìkan ni wàá máa pààrọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ, yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nítorí náà, náílọ̀nù, orí tó ṣeé tú, ọ̀pá fiberglass, kó o fi ṣẹ́ńjì ra TDS mítà. Náílọ̀nù mi tí kò gbowó lórí ti rí ọyẹ́ kan, ó sì tún rí èkejì. Onírun ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ò rí èkejì. Ṣùgbọ́n o ò sọ fún wa bóyá bọ́gúlárì wà ní fèrèsé ilé tí o gbà yẹn. Dá mi lóhùn lórí ìyẹn kó o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.