Èsì: Ṣé ọwọ́ ìjọba dé inú ìkòkò wa?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹnu oníkálukú ló ń yan oúnjẹ fún un, pé kí ló kan ìjọba níbẹ̀. Ó kàn wọ́n o. Ẹ ra ọ̀rá iyọ̀ kan ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, kí ẹ ka ara rẹ̀: èròjà áyódíìnì wà nínú rẹ̀. Ìjọba ló sọ ọ́ di dandan láti 1993, nítorí gẹ̀gẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè, a kàn ń jẹ ẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fítámì A inú ṣúgà, ìyẹ̀fun àti òróró.

Owó orí ẹlẹ́rìndòdò ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Náírà 10 lórí lítà kan, láti 2022. Ìgò 50cl, náírà 5 péré nìyẹn! Ọmọ wo nìyẹn máa lé kúrò nídìí mínírà?

Ẹ̀wà ló yẹ kí wọ́n gbájú mọ́. Bó bá ti wọ́n, gàárì àti ṣúgà ni ọmọ máa mu sùn. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò yọ owó ibodè lórí ẹ̀wà fún ọjọ́ 150. Ó dáa, àmọ́ ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ láti òkè Ọya ń mu dísẹ́ẹ̀lì, iye tí wọ́n sì fi ra dísẹ́ẹ̀lì náà ló ń bá kọ́ńgò dé ọ̀dọ̀ wa.