Ọmọ tó ti igbó Sambisa dé, ṣé dandan ni kó túúbá?

Ìbéèrè: Àsàláámù aláekúmù, ààfáà wa. Ọmọbìnrin kan láti Borno ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi n'Íbàdàn. Boko Haram ló jí i gbé, wọ́n sì fi tipá fà á lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, kó tó ríbi sá. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn obìnrin àsàlátù wa ní kò gbọdọ̀ bá àwọn tò ní sáfù, ìlà ìrun, àfi tó bá túúbá ní gbangba. Wọ́n ti ya búúta àlùwàlá tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ fi ṣaya, ìyá ọmọkùnrin náà ní ìyàwó oníyàwó ni, pé ọkọ inú igbó kò tíì kọ̀ ọ́. Kí ni àdínì wí?

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ búúta yẹn ló dùn mí jù. Ẹ bá mi dá a padà sáàárín àwọn yòókù lónìí, ká tó máa wá hàdíìsì kiri.

Ọmọ yìí kò ṣe sìná. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò kò jẹ Ọlọ́hun ní túúbá kankan lórí ẹ̀. Nínú Súrà Nuur, áyà 33, Ọlọ́hun kọ̀ fún àwọn tó ń fipá sọ ẹrúbìnrin wọn di aṣẹ́wó, ó sì ní lẹ́yìn ìfipámúni náà, Aláforíjìn, Aláàánú ni Òun. Láyé Úmárù, kálífà kejì lẹ́yìn Ànọ́bì, ẹnì kan fipá bá ẹrúbìnrin kan sùn. Úmárù na ọkùnrin náà, ó lé e nílùú, kò sì na obìnrin náà, torí tipátipá ni. Ìmáàmù Màlíkì, tí a ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tún sọ nínú ìwé rẹ̀, Al-Muwatta, pé ẹni tó fipá bá obìnrin lò jẹ ẹ́ ní sọ̀dáàkí, owó orí ìyàwó. Ẹ ò rí i? Àwọn aṣíwájú wa ń wá ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, àwa ń wá ohun tó jẹ.

Ẹ wá gbọ́ ti ọkọ inú igbó. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Khansa ọmọ Khidam. Ó ti lọ́kọ rí kí bàbá rẹ̀ tó tún fún ẹlòmíì tí kò fẹ́. Ó gba ọ̀dọ̀ Ànọ́bì lọ, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, Ànọ́bì sì tú yìgì náà ká. Bàbá tó bí i lọ́mọ nìyẹn o! Ká má tíì wá sọ ti ẹni tó gbé ìbọn dání, tí kò rí wálíì, ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ, tí ọmọ kò sì lanu sọ pé òun gbà. Kò sí yìgì níbẹ̀, kí la fẹ́ kọ̀? Ohun tí Màlíkì ní kó ṣe kó tó lọ́kọ ni kó rí nǹkan oṣù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó bá lóyún, kó kọ́kọ́ bí i. Ọdún kan ti lé, ìyẹn ti tán. Bó bá sì bímọ lọ́hùn-ún, ọmọ kì í ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá.

Ariwo Chibok, àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó nílé-ìwé lóṣù kẹrin ọdún 2014, la gbọ́ níbí. Ti àwọn tí wọ́n ń gbé ní oko àti ní abúlé kò dé etí wa. Nígbà tí wọ́n bá sì délé, àwọn kan ní Borno ń pè wọ́n ní "annoba", àjàkálẹ̀ àrùn ni lédè Haúsá. Àwa tí a ò gbọ́ Haúsá, búúta la fi ń sọ tiwa. Ẹ sọ fún àwọn obìnrin yín pé ẹni tó bá pe ọmọlúàbí obìnrin ní alágbèrè láìní ẹlẹ́rìí mẹ́rin, pàṣán 80 ni Súrà Nuur kan náà kọ fún un. Àwọn ni kí wọ́n túúbá.

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Obìnrin kan tí wọ́n fipá bá lò wá bá mi, mo ní kó máa ṣe àsitigifáru, títọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ní 100 láràárọ̀. Etí ìbòrí rẹ̀ ló ń ká, tó ń tú. Ó ní, "Ààfáà, kí ni mo ṣe?" N ò rí èsì fọ̀. Kò padà wá mọ́.

Ẹ má bi í léèrè ohun tójú ẹ̀ rí. Tó bá fẹ́ sọ, ẹ gbọ́, kó má jáde lẹ́nu yín. Ẹ bá a lọ sọ́sípítù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kì í bá sùn lóru, tó ń ta gìrì sí ariwo, ẹ má kàn gbé e wá fún mi kí n ṣe rúkíyà, kí n máa ka Kùránì sí i lára, iṣẹ́ dókítà wà níbẹ̀.

Tó bá di àsàlátù tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ dúró tì í ní sáfù, èjìká sí èjìká. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó lọ tò sẹ́yìn.