Abéèrè Kì Í Ṣìnà: Wọ́n Ní Wọ́n Rí I, Wọ́n Tún Ní Wọn Ò Rí I

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Inú ń bí ẹni tó kọ àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì n'Ìbàdàn níbí, àwọn tí ọ̀rọ̀ máa ń dùn báyìí ni wọ́n ń mọ̀ ọ́n dénú.

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Lọ́dún 2021, olùkọ́ wa sáré wọ kíláàsì, ó ní wọ́n ti rí ohun tuntun lára muon ní Amẹ́ríkà, pé àfàìmọ̀ ni wọn ò ní tún ìwé físíìsì kọ. Mo ti wá dé yunifásítì báyìí, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Agbowó)

Ọmọ mi, wọn ò purọ́ o. Jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an fún ọ.

Muon jẹ́ ohun tíntìntín kan tó fara jọ electron, èyí tó ń gbé iná nínú wáyà, àmọ́ ó wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 207, kì í sì í pẹ́ láyé. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín 2.2 ló sábà máa ń lò kó tó pòórá. Bó o bá jù ú sáàárín mágínẹ́ẹ̀tì, á máa mì bí òkòtó tí ń yí tó fẹ́ ṣubú. Ní Fermilab, ibùdó ìwádìí físíìsì kan nítòsí Chicago, títí di 2023 wọ́n ń rán wọn yípo nínú òrùka mágínẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ̀ tó mítà 15, wọ́n sì ń ka bí wọ́n ṣe ń mì. Bí ohun kan tí a ò tíì mọ̀ bá wà láyé tó ń fọwọ́ kàn wọ́n, mímì náà á yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ìṣirò sọ.

Gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Aago tí wọ́n fi ń ka mímì yìí, àwọn méjì tí kò sí nínú ẹgbẹ́ aṣèwádìí náà ni wọ́n yí i síbi tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ò mọ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi í sínú àpòòwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Èèyàn bí igba ló wá ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, tí wọ́n ń yẹ ìṣirò ara wọn wò, tí wọ́n ń wá àṣìṣe kiri, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìdáhùn máa já sí. Ìgbà tí gbogbo wọn fẹnu kò pé iṣẹ́ ti parí ni wọ́n tó ya àpòòwé. Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn tó wù ú tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tó bá rí i ló máa dáwọ́ àyẹ̀wò dúró. Ohun tí wọ́n ń sá fún nìyẹn, orí mi sì máa ń wú tí mo bá rántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n kéde pé ohun tí àwọn kà, bí wọ́n ṣe pa á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ ní Brookhaven, ibùdó ìwádìí míì ní Amẹ́ríkà, fi 4.2 sigma yàtọ̀ sí ìṣirò. Kí ni sigma? Òun ni wọ́n fi ń wọn bí ìyàtọ̀ kan ṣe jìnnà tó sí ohun tó kàn lè ṣèèṣì wá. Yan ojú kan lára owó ẹyọ, kó o máa jù ú sókè. Kí ojú yẹn wá lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún léra, láìsí àrékérekè kankan, ìgbà 1 nínú 32,768 ni. 4.2 sigma ò jìnnà sí i, ó tó 1 nínú 40,000. O lè ní, kí ló tún kù? Àwọn onífísíìsì ò gbà. 5 sigma ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn 1 nínú mílíọ̀nù 3.5, kí wọ́n tó lè lanu pé àwọn rí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kéde Higgs, ohun tíntìntín míì tí wọ́n ti ń wá tipẹ́, ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, lọ́dún 2012. Wọ́n le bẹ́ẹ̀ torí pé ibi tí wọ́n ń wò pọ̀ jọjọ. Bí gbogbo ará Ìbàdàn bá ń ju owó ẹyọ lójúmọ́ kan, ẹnì kan ṣáà máa rí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Ní ìparí ọdún 2015, wọ́n rí òkìtì kékeré kan lára dátà CERN, tó dà bí àmì ohun tíntìntín tuntun. Ìwé tó lé ní 500 ni àwọn onímọ̀ kọ lé e lórí. Nígbà tí dátà pọ̀ sí i ní 2016, òkìtì náà tẹ́jú.

Ti muon kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kà kò yẹ̀ títí dòní. Oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn jáde, àṣìṣe tó lè wà nínú rẹ̀ ò ju ìpín 127 nínú bílíọ̀nù kan lọ. Ìṣirò ló yí padà. Lọ́jọ́ tí Fermilab kéde ní 2021 gan-an ni ẹgbẹ́ kan láti Budapest, Marseille àti Wuppertal gbé ìṣirò tiwọn jáde, èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ńláńlá ṣe, tiwọn sì súnmọ́ ohun tí Fermilab kà. Àwọn míì tún un ṣe, ó bára mu. Lọ́dún 2025 àwọn onímọ̀ gbà á wọlé, ìyàtọ̀ sì tán. Ohun tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí ni ìdí tí ìṣirò àtijọ́, tó gbára lé àwọn àdánwò míì, kò fi bá tuntun mu. Bó o bá fẹ́ iṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Mà, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, mò ń so sólà àti ìnfátà. Ọmọ iṣẹ́ mi fi fídíò òkúta dúdú kan hàn mí tó ń léfòó lórí mágínẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn ará Kòríà ti rí ohun tí iná kì í ṣòfò nínú rẹ̀. Ṣé kí n máa retí wáyà rẹ̀ lọ́jà?

Ẹ má retí ẹ̀ o, ọ̀gá. LK-99 ni wọ́n pè é, oṣù keje 2023 ni wọ́n gbé e jáde. Òjé, kọ́pà, phosphorus àti oxygen ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tún fídíò náà wò dáadáa: etí kan òkúta yẹn ò kúrò lórí mágínẹ́ẹ̀tì rárá.

Kẹ́míísìrì ló já a. Sulfur wà nínú èròjà òjé tí wọ́n fi yan án, kò sì jó tán. Ó so mọ́ kọ́pà, ó di Cu2S. Cu2S yìí, bó bá ń tutù bọ̀ tó dé 104°C, bó ṣe tò nínú máa ń yí padà, ìdènà iná inú rẹ̀ á sì já wálẹ̀ lójijì. Ibẹ̀ gan-an ni ìdènà tí àwọn ará Kòríà náà wọ̀n ti já wálẹ̀, tí wọ́n fi rò pé ó ti di òdo. Prashant Jain, onímọ̀ kẹ́míísìrì ní Yunifásítì Illinois, rí 104 yẹn nínú ìwé wọn, ó sì dá a mọ̀, torí ó ti bá Cu2S ṣiṣẹ́ rí. Ní Stuttgart, ní Jámánì, wọ́n ṣe LK-99 tí kò ní sulfur nínú: ó mọ́ gaara, àwọ̀ àlùkò, iná ò tilẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí mítà yín bá ka òdo lórí wáyà kúkurú, kì í ṣe pé wáyà yẹn ò ní ìdènà. Mítà ni ò lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí òdo, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú mítà tó lò.

Ẹ káàárọ̀, Mà. POS ni mò ń ṣe ní Ìwó Road. Oníbàárà mi kan ní kọ̀ǹpútà quantum máa ṣí gbogbo kọ́kọ́rọ́ báńkì, pé ká lọ kó owó wa sílé. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àbúrò mi, má kó owó sílé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: láti 1994 ni Peter Shor, onímọ̀ ìṣirò kan, ti fi hàn pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tó ń fi òfin físíìsì àwọn ohun tíntìntín ṣe ìṣirò, bó bá lágbára tó, lè já àwọn kọ́kọ́rọ́ ìṣirò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Èyí tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ò tíì sí. Wọn ò sì jókòó dè é. Ní oṣù kẹjọ 2024, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, gbé ìlànà mẹ́ta jáde fún kọ́kọ́rọ́ tuntun, ápù ìfiránṣẹ́ Signal sì ti ń lo irú rẹ̀ láti 2023.

Bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ń gbé wọn sí, kí gbogbo ayé wá gbìyànjú láti fọ́ wọn. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ SIKE. Láti 2017 ló ti wà níta, kò sẹ́ni tó rí i fọ́. Ọdún 2022 ni Castryck àti Decru, ará Leuven ní Belgium, fi kọ̀ǹpútà lásán já a ní nǹkan bíi wákàtí kan. Àwọn tó ṣe é gbà, wọ́n sì gbé e kúrò. Ó sàn kó já síbẹ̀ ju kó já sínú àkáǹtì rẹ lọ.

Ẹni tó yẹ kó o ṣọ́ra fún ni ẹni tó pè ọ́ pé òun ni báńkì, kó o ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù rẹ fún òun. Má kà á. Jẹ́ kí oníbàárà tẹ PIN rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó o kọjú síbòmíì. Bí ápù báńkì rẹ bá sì ní kó o ṣe update, ṣe é lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tuntun máa gbà wọlé sí ọ lọ́wọ́.