Kọ̀ǹpútà géèmù olówó pọ́ọ́kú l’Abẹ́òkúta: ọ̀dọ̀ power supply ni kí o ti bẹ̀rẹ̀

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ₦450,000 lo tù jọ, o fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù EA FC, kí o sì máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ l’Álàbàtà yìnbọn nínú Valorant. O ní oníṣọ́ọ̀bù kan ti to ẹ̀rọ kalẹ̀ fún ọ: Core i7 (processor, ọpọlọ ẹ̀rọ), RAM 16GB (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), káàdì 4GB (èyí tó ń ya àwòrán), power supply 700W (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀rọ), kẹ́sìn onígíláàsì tí iná inú ẹ̀ ń ṣẹ́ bíi ti òde àríyá. O wá ń béèrè bóyá kí o sanwó.

Má tíì san. Èmi náà ti ra ẹ̀rọ yẹn rí.

Ọdún 2021 ni. Mo ra káàdì gidi, mo ra bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó tí gbogbo wọn ń jókòó lé) gidi, ìgbà tó wá ku power supply, owó ti tán lápò. Ọkùnrin kan ní Pánsẹ́kẹ́ yọ ọ̀kan jáde nínú páálí, wọ́n kọ 700W gàdàgbà sí i lára. Mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí agolo bisikíìtì tí wọ́n ti jẹ inú ẹ̀ tán. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ti dùn mọ́ mi nínú. Oṣù mẹ́rin péré ló lò. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, wọ́n mú un dé, wọ́n tún mú un lọ. Ìgbà tí wọ́n máa mú un dé lẹ́ẹ̀kejì, gílóòbù yàrá mi tàn bí oòrùn ọ̀sán. Mo gbọ́ pàá! Òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo yàrá. Power supply lọ, bọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e, káàdì bá wọn rìn. SSD, ibi tí mò ń kó fáìlì àti géèmù sí, nìkan ló délé.

Nígbà tí ojú mọ́, mo fi sukudiráífà tú u. Ibi tó yẹ kí àwọn kọ́ìlì tó ń sẹ́ iná wà, wọ́n tẹ àmì wọn sórí pátákó rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò fi kọ́ìlì kankan síbẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi so ìhín mọ́ ọ̀hún, ó tán. Mo wá ka lébẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí mi ò kà ní ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí wọ́n kọ +12V sí, 18A ló wà níbẹ̀. Orí 12V yẹn ni processor àti káàdì ti ń jẹun. Fi 18 lọ́nà 12: 216W. Ohun tí wọ́n ń pè ní 700W, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ti jẹ́wọ́ lára ẹ̀ pé agbára tó wúlò fún mi ò ju 216W lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn gan-an ti ní irọ́ nínú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé, ní ìlú tí iná ọba ti ń ṣe ségesège báyìí, power supply ni kí a kọ́kọ́ yàn, kí owó tó kù wá pín ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi í sígbẹ̀yìn. Iná tiwọn kì í ṣe bíi tiwa.

Wá gbọ́ ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, irú Dell OptiPlex 7060 tó jáde ní 2018, èyí tó jẹ́ tower tó ga dáadáa, 260W ni wọ́n kọ sára power supply rẹ̀. O lè wò ó kí o fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n 260W tòótọ́ ni, ó wúwo lọ́wọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló sì ṣe é fún, níbi tí ẹ̀rọ kì í ti í kú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ju 700W tèmi yẹn lọ. Core i5-8500 tó máa ń wà nínú ẹ̀ ń lo nǹkan bíi 65W, káàdì GTX 1650 ń lo 75W. Tí o bá fi bọ́ọ̀dù, SSD àti fáànù kún un, kò ní tó 200W.

Nítorí náà, èyí ni màá ṣe tí owó rẹ bá jẹ́ tèmi: tower ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tó jẹ́ Intel ìran kẹjọ, èyí tí wọ́n ń pè ní 8th gen lọ́jà, kí n wá ra GTX 1650 sí i. Àmọ́ kí GTX 1650 náà jẹ́ èyí tí kò ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀, torí pé àwọn kan ní in, àwọn kan ò ní in, power supply ọ́fíìsì yẹn kì í sì í ní wáyà tí o máa kì bọ̀ ọ́. Èyí tí kò ní in ń gba gbogbo iná rẹ̀ látara bọ́ọ̀dù. 75W ni ojú ibẹ̀ lè fún un, 75W náà ló sì nílò.

Má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ o, àwọn SFF yẹn. Káàdì tó ga ò lè wọ inú wọn. Ẹni tó bá ti rà á máa ń padà wá wá káàdì kúkúrú kiri, ó sì máa ń wọ́n ju ti gidi lọ.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìran kẹjọ? Windows 10 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú Microsoft láti oṣù kẹwàá 2025, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n sì ka Intel sí fún Windows 11. Valorant tìẹ yẹn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: lórí Windows 11, tí TPM 2.0 àti Secure Boot (ètò ààbò inú ẹ̀rọ) ò bá sí, kò ní jẹ́ kí o wọlé rárá. Ìbéèrè tí o ò bi oníṣọ́ọ̀bù yẹn ni pé, i7 ìran wo? i7-2600 jáde ní 2011. Ó ṣì ń rìn nígboro, wọ́n ṣì ń pariwo orúkọ ẹ̀, àmọ́ i3-12100F tó jáde ní 2022 á fi eré sá a sílẹ̀ jìnnà, i3 lásán-làsàn. Ọ̀gágun ni i7 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì. Tí lẹ́tà F bá wà nídìí orúkọ processor Intel, rántí pé láìsí káàdì kò ní gbé àwòrán kankan jáde.

Ọ̀nà kejì wà, fún ẹni tó fẹ́ tuntun, tó sì lè fara balẹ̀: Ryzen 5 5600G, processor AMD, lórí bọ́ọ̀dù AM4 tó bá a mu, láìra káàdì rárá ná. Ó ní agbára àwòrán tirẹ̀ nínú. Valorant á lọ dáadáa lórí ẹ̀. EA FC á lọ tí o bá rẹ ìrísí rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ RAM gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, 8GB àti 8GB, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan. Inú RAM yẹn ni ohun tó ń ya àwòrán ti ń mu omi, ẹyọ kan dà bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Nípa ọ̀nà yìí, power supply gidi ni wàá fowó rẹ rà, kí o lè ki káàdì bọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àmì 80 Plus dára, ṣùgbọ́n kì í fi iná ṣòfò ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò ní kí ó má jóná. Ka 12V lára lébẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ káàdì wá kù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gbá mi létí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, ó yẹ kó sá. Èmi ò sá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin lọ s’Ágége, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Ìkẹjà, mo ra GTX 1050 Ti 4GB ní owó tó rọjú. Mo délé, bọ́ọ̀lù ò gbá. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ò yọ, pápá dúdú kirikiri. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n fi GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ, wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ kọ síwájú orúkọ káàdì náà ni [FAKE]. GTX 550 Ti ti 2011 ni, wọ́n kàn yí ohun tó ń sọ nípa ara rẹ̀ padà ni. Bí ojú mi bá là ni, n kì bá má nílò GPU-Z rárá, torí pé ihò VGA aláwọ̀ búlúù, ti mọ́nítọ̀ àtijọ́, wà lẹ́yìn ẹ̀. Láti ìran GTX 10 ni NVIDIA ti yọ VGA kúrò. 1050 Ti tó bá ní ihò VGA, irọ́ ni. Irú rẹ̀ mìíràn ni RX 580 tí wọ́n kọ 2048SP sí: RX 570 ni lábẹ́ aṣọ. Kò burú bí wọ́n bá tà á níye RX 570, àmọ́ wáyà iná tirẹ̀ pọ̀, kò bá ẹ̀rọ ọ́fíìsì mu.

Láti ọjọ́ yẹn, fláàṣì kan wà lára kọ́kọ́rọ́ mi, GPU-Z àti FurMark (ètò tó ń fi iṣẹ́ àṣekára dán káàdì wò) ló wà nínú ẹ̀. Mo máa ń ní kí ọ̀gá tó ń tà á ki káàdì bọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀, màá ṣí FurMark fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá fa àga jókòó. Ẹlòmíràn á ní, “Ṣé o ò gbẹ́kẹ̀ lé mi ni?” Màá ní, “Ẹ̀yin kọ́, ọ̀gá mi, káàdì ni.” Ẹni tó bá kọ̀, mo ti kúrò níwájú ẹ̀.

Mọ́nítọ̀ ńkọ́? Èyí tó jẹ́ 1080p, 60Hz, tó. Tí èyí tí o ní nílé bá jẹ́ ti àtijọ́ tó jẹ́ VGA nìkan, o máa nílò ohun tó ń yí HDMI sí VGA, má lọ wá káàdì oní-VGA nítorí ẹ̀. Nípa SSD, 240GB kò ní tó ọ: EA kọ 100GB fún FC 25 nìkan, pẹ̀lú RAM 8GB àti GTX 1050 Ti gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù. Ra 480GB sókè, kí o sì lọ kó géèmù lọ́dọ̀ ẹni tó ti ní in kí dátà má bàa tán ọ lówó.

Sítábíláísà, kí o yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí o tó ka owó ohunkóhun. UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró tí iná bá lọ, tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n 650VA tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe 650W, nǹkan bíi 360W ni. Ó tó ẹ̀rọ tí mo júwe yìí pẹ̀lú mọ́nítọ̀ rẹ̀. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, tú ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku inú ẹ̀ lóṣooṣù. Kẹ́sìn onígíláàsì tí wọ́n dí iwájú ẹ̀ pa yẹn, ní oṣù kẹta, nínú yàrá àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní fèrèsé méjì, ààrò ni.

Tí o bá ti rí tower náà, kí o tó sanwó, ní kí wọ́n ṣí i fún ọ, kí o ya lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ power supply rẹ̀ ní fọ́tò tó mọ́lẹ̀ kedere, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Alẹ́ ni mo máa ń ráyè.