Lee-Enfield àtijọ́: kí lẹ máa wò kí ẹ tó sanwó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Houston ni mò ń gbé. Bàbá bàbá mi ja ogun Bọ́mà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú ìbọn tí wọ́n lò nígbà náà. Aládùúgbò mi fẹ́ ta Lee-Enfield No. 4 fún mi. Ó ní àwọn sójà Amẹ́ríkà ló lò ó, torí wọ́n kọ "U.S. PROPERTY" sí i lára, pé ìyẹn ló jẹ́ kó gbówó lórí. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè. Ojúlówó ni àkọlé yẹn, àlàyé tó ṣe lé e lórí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Savage ní Chicopee Falls, Massachusetts, ló ṣe irú rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ètò Lend-Lease tí Amẹ́ríkà fi yá wọn ní ohun ìjà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ohun tí wọ́n yáni ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe kọ ọ́ pé ti Amẹ́ríkà ni. Ó lé ní mílíọ̀nù kan tí Savage ṣe, kò sì tíì di ọ̀wọ́n nítorí àkọlé nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àpótí ọta, ẹ fa bóòtì (irin tó ń ti ọta wọnú ìbọn) sẹ́yìn, kí ẹ fojú wò ó, kí ẹ tún fìka kàn án, pé kò sí ọta nínú.

Ó wá kan nọ́ńbà. Ẹ máa rí i ní apá òsì irin ìbọn, pẹ̀lú lẹ́tà C láàárín rẹ̀, èyí tó ń tọ́ka sí Chicopee Falls. Nọ́ńbà yẹn kan náà ló yẹ kó wà lẹ́yìn ọwọ́ bóòtì. Ẹ tan iná sí i látẹ̀gbẹ́. Bí ibẹ̀ bá jin díẹ̀, tó ń dán ju irin tó yí i ká lọ, a jẹ́ pé wọ́n ti ha nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, wọ́n sì lu tuntun sí i. Ìyẹn burú ju kí nọ́ńbà méjèèjì má bára mu lọ, torí ẹ̀tàn ni. Èyí tí kò bára mu lè jẹ́ iṣẹ́ àtúnṣe àwọn ológun fúnra wọn, owó rẹ̀ kàn máa ń wálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbọn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọn bóòtì tirẹ̀ bá, nítorí náà ẹ má yìn ín láìjẹ́ pé alágbẹ̀dẹ ìbọn ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Igi ló ń ba owó jẹ́ jù. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọdẹ ra ìbọn wọ̀nyí lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì gé igi iwájú rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ó yẹ kí igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ìbọn. Bó bá dé ibẹ̀, ṣé àwọ̀ rẹ̀ bá ti ìdí ìbọn mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ aládùúgbò yín kó má fi sáńpépà kàn án kó tó tà á. Òǹtẹ̀ kéékèèké tó wà lára igi yẹn ni ẹlẹ́rìí wa, bó bá ti ha á, ó parí.

Bí ẹ bá wo inú ọ̀pá tí ẹ rí ilà méjì péré lára àwọn ilà tí wọ́n máa ń gbẹ́ síbẹ̀ kí ọta lè máa yí bó ṣe ń jáde, ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni Savage ṣe ọ̀pọ̀ nígbà ogun. Ibi tí ìpáàrà ti jẹ ni kẹ́ ẹ wá.

Lóòótọ́, Lee-Enfield ni àwọn sójà wa gbé ní Bọ́mà, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé èyí gan-an dé ibẹ̀, kó mú ìwé ẹ̀rí wá. Fún ohun tí ẹ ń wá, èmi á fara mọ́ èyí tí igi rẹ̀ pé, kódà bí nọ́ńbà kò bára mu.

Ní ti owó, iye tí wọ́n ti ta irú rẹ̀ ní gbàǹjo ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi iye tí ẹni tó ń tà á ń pè sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ físà onígbà díẹ̀ lẹ fi wà níbẹ̀, tí kì í ṣe green card, ẹ rí lọ́yà ná: òfin ìjọba àpapọ̀ kì í sábà gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàyè láti ra ìbọn.