Òrùlé mọ́tò mi ti ṣá: ṣé kí n tún un kùn ni, àbí kí n ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ dán an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Toyota Corolla dúdú ni mo ń wà, tòkunbọ̀ ni, ìta gbangba ló sì máa ń wà látàárọ̀ títí ilé-ìwé á fi parí. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ṣá, wọ́n ti ń funfun. Bí oòrùn bá sì tàn sára ilẹ̀kùn rẹ̀, mo máa ń rí ìlà wínníwínní bí òwú aláǹtakùn. Ẹni tó ń kun mọ́tò ní àfi kí òun tún gbogbo rẹ̀ kùn. Ọ̀rẹ́ mi ní pọ́líìṣì ti tó, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní pọ́líìṣì máa ń jẹ ọ̀dà. Èwo ni kí n ṣe nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Àbúrò yín kò parọ́, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà ló gbà pé ńṣe la ń fi nǹkan kún ara mọ́tò nígbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ àti pọ́líìṣì dán an. Yíyọ la ń yọ.

Ọ̀dà ara Corolla yín kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ń dènà ìpata ló wà lára irin, òmíràn tún wà lórí rẹ̀ kí ó tó kan ọ̀dà dúdú fúnra rẹ̀. Òkè pátápátá ni èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kílíà, tí kò ní àwọ̀, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, òun ló sì ń mú kí mọ́tò máa dán. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, kílíà tí wọ́n fi sí i ní ilé-iṣẹ́ kì í sábà ju 35 sí 50 nínú rẹ̀ lọ, èyí tí kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Àwọn ìlà tí ẹ ń rí yẹn, kòtò kéékèèké ni wọ́n lójú kílíà, etí wọn ló sì ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ohun tí pọ́líìṣì ń ṣe ni pé ó ń rẹ́ ojú kílíà sílẹ̀ títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ kòtò náà dọ́gba. Bí iṣẹ́ náà bá mọ níwọ̀n, nǹkan bí 3 sí 5 ló máa lọ nínú 50 yẹn. Nítorí náà, a lè ṣe é, a sì lè tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lọ́dọọdún.

Ní ti òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fọ mọ́tò náà mọ́, kí ẹ wá da omi sí ibi tó ṣá. Bí dúdú rẹ̀ bá padà wá nígbà tí omi wà lórí rẹ̀, tó sì tún ṣá bó ṣe ń gbẹ, ojú kílíà lásán ni oòrùn bà jẹ́, pọ́líìṣì á sì gbà á. Bó bá ṣe pé funfun náà kò lọ, tàbí tí kílíà ti ń bó bí awọ ejò, tí èékánná yín lè ti abẹ́ rẹ̀ wọlé, kò sí pọ́líìṣì tó lè dá a padà. Ibi tó bó nìkan ni kí wọ́n ha, kí wọ́n sì kùn. Kò sí ìdí tí ilẹ̀kùn tí kílíà rẹ̀ ṣì le fi gbọ́dọ̀ bá a lọ. Èékánná yìí kan náà ni kí ẹ fi wo ojú ibi tí nǹkan bá ti ha á jinlẹ̀: ẹ fà á kọjá lórí rẹ̀, bí ó bá kọ́ ọ, a lè mú kí ó má hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n a ò ní pa á rẹ́ tán.

Nítorí pé tòkunbọ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ lé e láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọn bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe nípọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà fún un. Àròpọ̀ ọ̀dà ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 nínú ọ̀nà 1,000 mìlímítà kan. Ibi tí ẹ bá ti rí 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti tún ibẹ̀ kùn rí, ó sì ṣeé ṣe kí fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ wọnú lára irin, wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́ jù létí bọ́nẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀dà máa ń fẹ́lẹ́ létí irin, ooru ẹ̀rọ sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Fóòmù ẹnu ẹ̀rọ, tó yẹ kó funfun, ṣàdédé dúdú lójú mi. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, àwọ̀ eérú ti yọ lábẹ́ dúdú, ó gùn tó ìka ọwọ́ kan. Ọ̀gá mi ló sanwó tí wọ́n fi tún un kùn. Látọjọ́ náà, mo máa ń lẹ téèpù mọ́ gbogbo etí kí n tó tan ẹ̀rọ, mo sì máa ń yẹ fóòmù wò lóòrèkóòrè.

Iṣẹ́ tó péye máa ń gba odindi ọjọ́ kan, nígbà mìíràn méjì. Lẹ́yìn fífọ̀, amọ̀ pàtàkì kan wà tí a ń fi yọ ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dà, nítorí bí ẹ̀rọ bá bá a níbẹ̀, òun gan-an ni yóò tún máa ha á. A óò wá dán ibi kékeré kan wò, pọ́líìṣì tó rọ̀ jù lọ la óò sì kọ́kọ́ lò. Ẹ ní kí wọ́n fi sípíríìtì nu ibi kékeré yẹn níṣojú yín, kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Òróró wà nínú àwọn pọ́líìṣì kan, ó máa ń di kòtò wọ̀nyẹn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ óò sanwó, ẹ óò fọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìlà á sì tún jáde.

Bí wọ́n bá dán an tán, kí wọ́n fi wáàsì, ìyẹn ìda tí a fi ń dáàbò bo ojú ọ̀dà, bò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ fi ń fọ mọ́tò ló dùn mí jù, nítorí òun ló fa òwú aláǹtakùn yẹn. Àkísà tó bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n tún gbé, tí wọ́n fi nu táyà kí wọ́n tó fi nu ilẹ̀kùn, yanrìn ló kún inú rẹ̀. Ẹ lo korobá omi méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan aṣọ ìfọmọ́tò. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe nu eruku ní gbígbẹ; omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i. Bí ẹyẹ bá sì yàgbẹ́ sí i, ẹ fi omi rẹ ẹ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó máa ń jẹ kílíà nínú oòrùn.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi dán òrùlé wò. Bí ó bá gbà, ẹ dá owó ọ̀dà dúró. Ẹni tó bá sì ṣe pọ́líìṣì náà, ẹ ní kó kọ iye tó wọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí sílẹ̀ fún yín. Ẹni tí yóò bá tún dán an lọ́jọ́ iwájú á fẹ́ mọ èyí tó kù.