Àlẹ́ẹ̀tì báńkì ń da kóòdù mi rú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrẹsì ni màmá mi ń tà, mo wá ń bá wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan ní èdè Python tó máa ka àlẹ́ẹ̀tì owó tó ń wọlé sórí fóònù wọn, kó to iye owó àti ọjọ́ rẹ̀ sínú Excel. Báńkì méjì ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan ń kọ "Amt:NGN12,500.00 CR Date:03-04-2024 10:42 Desc:TRF/RICE", èkejì ń kọ "Credit N12,500 on 3-Apr-24". Split, àṣẹ tó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ni mo fi ń gé e níbi ":". Mo fi ₦500 dán an wò, ó ṣiṣẹ́, àfi bí oníbàárà gidi ṣe sanwó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ValueError, pé òun ò lè sọ ọ̀rọ̀ náà di nọ́ńbà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, màmá ẹ bímọ re. Ṣé o rí ₦500 yẹn, òun ló tàn ẹ́, kò ní kọ́mà nínú. 12,500.00 ní in, float, àṣẹ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ò sì mọ kọ́mà rárá. Fi replace yọ ọ́ kúrò kó o tó sọ ọ́ di nọ́ńbà, kó o sì lo Decimal, irú nọ́ńbà tí kì í ṣi owó kà, torí 0.1 + 0.2 nínú float ń di 0.30000000000000004, wàá wá máa bá màmá ẹ wá kọ́bọ̀ lóru.

Split yẹn, jọ̀ọ́ pa á tì, á gé 10:42 sí méjì bí ẹní gé iṣu. Regex, ìyẹn àpẹẹrẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ọ̀rọ̀, ni kó o lò, di ọ̀rọ̀ tó wà níwájú owó mú:

(?:Amt:NGN|Credit N)([\d,]+(?:\.\d\d)?)

Àmì ìbéèrè tó parí ẹ̀ yẹn, torí báńkì kejì tí kì í kọ kọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ ńkọ́? Báńkì kọ̀ọ̀kan ló máa ní strptime (àṣẹ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ọjọ́) tiẹ̀, "%d-%m-%Y" àti "%d-%b-%y", má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méfò, 03-04 lè di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Desc, ìyẹn àlàyé ìsanwó, gan-an ni wàhálà, torí ẹni tó sanwó ló ń tẹ̀ ẹ́, kò sóhun tí wọn ò lè kọ síbẹ̀, tó fi mọ́ "Amt:NGN500 ló kù". Fi partition, àṣẹ tó ń pín ọ̀rọ̀ níbi àmì kan, yà á sọ́tọ̀ kó o tó wá owó. Èyí tí re.search, àṣẹ tó ń fi regex wá nǹkan, ò bá rí nǹkan kan nínú ẹ̀, None (òfo) ló máa dá padà, má fi try, tó ń gba àṣìṣe mọ́ra, bò ó mọ́lẹ̀ o, kọ ọ́ sí fáìlì lọ́tọ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì fojú ara yín wò ó lálẹ́.

Tó bá ṣì ń kọ̀, fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ránṣẹ́ sí wa, àmọ́ kọ́kọ́ pa nọ́ńbà àkáǹtì rẹ́.